Bọ̀dá Ní Kí A Rọ Ọ́ìlì Sínú Fílítà

Ìjà kan wà láàárín àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò tí kò lè parí, òun náà ni pé téèyàn bá fẹ́ de fílítà tuntun tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì, ṣé kó kọ́kọ́ rọ ọ́ìlì kún inú ẹ̀ ni àbí kó dè é ní gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1923 ni Ernest Sweetland àti George Greenhalgh ti gbé fílítà ọ́ìlì tí wọ́n pè ní Purolator jáde, wọ́n rò pé wọ́n ran aráyé lọ́wọ́ ni, wọn ò mọ̀ pé ìjà ni wọ́n bá wa dá sílẹ̀. Àwọn tó ń rọ ọ́ ní téèyàn bá ṣíná sí ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ò tíì dé òkè, irin á máa ha irin. Àwọn tí kì í rọ ọ́ ní pọ́ǹpù ọ́ìlì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni, kó lọ ṣe é.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Mọ́tò tèmi, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni fílítà ẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, ẹnu ẹ̀ ò kọjú sókè, kí ni mo wá fẹ́ rọ síbẹ̀? Ọ́ìlì díẹ̀ ni mo máa ń fìka pa sára rọ́bà etí ẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, màá fọwọ́ yí i títí rọ́bà yẹn á fi kanlẹ̀, màá tún yí i díẹ̀ sí i, kò ní tó odidi yíyípo kan, ó parí, mi ò kì í fi sípánà kàn án rárá.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi wọlé.

Èèyàn dáadáa ni bọ̀dá o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n láwọn kàn yà ni, àwọn ò ní pẹ́, ibì kan làwọn ń lọ, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti lọ̀ tó gún régé ló wà lọ́rùn wọn. Ìṣòro wọn kan ṣoṣo ni pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ nídìí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá rí, látìgbà náà kò sí ohun tó ní táyà tí wọ́n lè rí kí wọ́n má dá sí i.

"Kí lo fẹ́ ṣe yẹn?"

"Fílítà ni mo fẹ́ dè, bọ̀dá."

"Ní gbígbẹ báyìí? O fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì ni?"

Mo ní bọ̀dá, ẹ́ńjìnnì ò gbẹ, ọ́ìlì tó ti wà lára àwọn bẹ́ẹ̀rìn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tá a bá ṣíná sí i, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pọ́ǹpù á ti kún fílítà fúnra ẹ̀, iná pupa ọ́ìlì tó wà níwájú dírẹ́bà á kú. Wọ́n ní rárá, ẹ́ńjìnnì Cummins táwọn lò níbi iṣẹ́ nígbà yẹn, inú ìwé ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kéèyàn rọ ọ́ìlì kún fílítà kó tó dè é. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé ẹ́ńjìnnì Caterpillar ní kẹ́ ẹ má rọ ọ́, torí ohun tẹ́ ẹ bá rọ sínú ẹ̀ kò tíì kọjá lára ohunkóhun tó máa sẹ́ ẹ.

"Ṣé Caterpillar ni mọ́tò ẹ ni?"

"Ṣé Cummins náà ni, bọ̀dá?"

Wọ́n wò mí. Mo rántí pé àna mi ni wọ́n, mo gbé fílítà lé wọn lọ́wọ́.

Mo kúkú ṣe ìwọ̀nba tí mo lè ṣe. Mo ní bọ̀dá, tẹ́ ẹ bá máa rọ ọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ihò kéékèèké tó yí etí ẹ̀ ká yẹn lẹ rọ ọ́ sí, ibẹ̀ lọ́ìlì ń gbà wọlé kó tó kọjá lára bébà inú ẹ̀ tó ń sẹ́ ẹ, ihò ńlá tó wà láàárín yẹn, ibẹ̀ ló ń gbà jáde lọ sínú ẹ́ńjìnnì, tààrà ni. Wọ́n ní ihò kéékèèké wo, ta ló ráyè ìyẹn, ọ́ìlì tuntun látinú kẹ́ẹ̀gì, kí ló fẹ́ sẹ́ lára ẹ̀? Wọ́n dà á sáàárín gbùrà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni kòkòrò kékeré kan fò wá bà lé ojú ọ́ìlì náà, ó ń ta ẹsẹ̀. Bọ̀dá fìka yọ ọ́, wọ́n wo ìka wọn, wọ́n nù ún mọ́ ara táyà. Wọn ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ.

Ọ́ìlì kún dé ẹnu, ó tún lọ sílẹ̀, torí bébà inú ẹ̀ ń mu ún. Wọ́n tún rọ ọ́, ó ta ìfófòó, ó tún lọ sílẹ̀. Inú bọ̀dá ń dùn. "O rí i bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ ẹ́?"

Mo nawọ́ pé kí wọ́n gbé e fún mi, wọ́n kọ̀, wọ́n ní èmi á dà á nù. Wọ́n bá dùbúlẹ̀ sórí páálí nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, wọ́n gbé fílítà náà sáyà bí ọmọ tuntun, wọ́n rọra ń fi ẹ̀yìn wọ́ lọ sábẹ́ mọ́tò, mi ò rí nǹkan kan mọ́ ju bàtà wọn lọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀ lábẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n wá ní, "Háà. Ẹ̀gbẹ́ lẹnu ẹ̀ kọjú sí."

"Ohun tí mò ń sọ látàárọ̀ nìyẹn, bọ̀dá."

Rọ́bà kan wà nínú àwọn fílítà báyìí tó máa ń di àwọn ihò etí yẹn kí ọ́ìlì má baà padà sẹ́yìn. Rọ́bà yẹn ṣe iṣẹ́ ẹ̀, mi ò parọ́ mọ́ ọn, kò sí ẹ̀kán kan tó gba ihò kéékèèké jáde. Ṣùgbọ́n ihò àárín tí bọ̀dá gbà rọ ọ́ wọlé, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ìyẹn. Bí wọ́n ṣe dà á dẹ̀gbẹ́ báyìí lọ́ìlì yọ, ó gba ọrùn ọwọ́ wọn, ó gba abẹ́ aago, ó wọ inú apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó kọrí sí abíyá. Wọn ò lè jù ú sílẹ̀, torí ojú wọn gan-an ni ìyókù á dà sí, wọn ò sì lè kánjú, torí tí tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀ bá lọ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ọ̀rọ̀ mìíràn tún nìyẹn.

"Ẹ yí i, bọ̀dá!"

"Mo ń yí i!"

"Ọ̀nà ibi tẹ́ ẹ máa fi tú u lẹ ń yí i sí o!"

Ariwo yẹn ni ìyàwó mi gbọ́ tó fi jáde. Ó wo bàtà méjì tó yọ lábẹ́ mọ́tò, ó wò mí. "Kí lẹ fi bọ̀dá mi ṣe?" Bọ̀dá dáhùn lábẹ́ níbẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, àwọn ń bá mi ṣiṣẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, apá kan ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì funfun.

Mo rọ ìyókù ọ́ìlì tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì sínú ẹ́ńjìnnì, mo ṣíná sí mọ́tò, iná pupa tàn, ó kú, bó ṣe máa ń kú tí mo bá dè é ní gbígbẹ náà ni. Bọ̀dá pàtẹ́wọ́, ọ́ìlì ta sára ògiri. "O ò rí i bó ṣe tètè kú? Torí pé mo rọ ọ́ ni!" Mo fẹ́ bi wọ́n pé inú kí ni wọ́n rọ ọ́ sí, mo gbé e mì.

Mo pa mọ́tò, a dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì padà sọ̀ kalẹ̀, mo fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́, mo fà á. Àárín ló wà, kò dé ìlà òkè. Kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ. Ìyàwó mi wo géèjì, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ̀dá ti bọ́ sínú abọ́, ó ní èyí tó kù rèé.

Bọ̀dá dúró nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ronú.

"Ṣebí fílítà tuntun ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"O ní iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa sẹ́ ọ́ìlì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀dá.

Wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n dá apá ẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè fún un dáadáa. "Bá mi gbé àrọ yẹn wá."