Apá la ń gún, ìfun náà ń bá a ṣiṣẹ́

Apá ni nọ́ọ̀sì ń gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára fulúù, àmọ́ ìfun náà lọ́wọ́ sí bó ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ 5 lásìkò tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ yìí. Kòkòrò bakitéríà tí kò ṣeé fojú rí, tó ń gbé inú ìfun wọn, dín kù ní ìlọ́po 10,000. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ fulúù dáadáa tẹ́lẹ̀ kò pàdánù púpọ̀. Àwọn tí ara wọn ò mọ̀ ọ́n ni ìjà wọn pẹ̀lú H1N1, ọ̀kan lára irú fulúù, rọ̀.

Ẹ yéé ra kápúsù aláwọ̀ méjì, oògùn apakòkòrò náà ni, torí inú rírun lásán, ẹ jọ̀ọ́. Bí dókítà bá kọ ọ́, ẹ lò ó tán.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ní fáíbà tí ikùn ò lè dà. Kòkòrò ìfun ló ń sọ ọ́ di ásíìdì kéékèèké. Nínú eku, àwọn ásíìdì yìí ń ran sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe èròjà agbógun-tàrùn lọ́wọ́. Oúnjẹ mìíràn tún máa ń ní kòkòrò alààyè tirẹ̀. Irú tí ẹ rà ní ọjà Àtàkúnmọ́sà n'Iléṣà yàtọ̀ sí ògì: kòkòrò irú máa ń sé ara rẹ̀ mọ́ èèpo líle, ọbẹ̀ híhó kì í pa á tán. Ti ògì kú sínú ìkòkò. Omidùn ló ṣì ní alààyè, bí omi tí wọ́n fi sẹ́ ẹ bá mọ́. Bí kò bá mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ni.

Àwo ẹ̀wà kan láàárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ ò tó. Ẹ ti máa jẹ ẹ́ ṣáájú. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó tó ọ̀sẹ̀ 2 kí ara tó gbára dì.