Wọ́n Ní Kí Màámi Dá Ewé Padà Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọ èyí kí inú mi tó rọ̀, torí tó bá ti rọ̀ tán, èmi náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò le tó bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọdébìnrin kan tí Màámi lè bí ìyá tó bí i bá Màámi wí lójú gbogbo èèyàn, nítorí ewé. Ewé, ẹ̀yin ará ilé! Ìyá tó fi irú àti òrí rán gbogbo wa nílé ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ náà ní kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti já a.

Ní ẹ̀yìn odi ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà níbi tí à ń gbé, àwọn ará àdúgbò máa ń péjọ ní Sátidé sínú ilẹ̀ ọ̀dàn kan tí wọ́n dá sí. Àgbàlagbà kan tó mọ tinú tòde ilẹ̀ náà á mú wọn rìn yí i ká, á fi koríko hàn wọ́n, á fi ẹyẹ àti kòkòrò hàn wọ́n, á sọ ìtàn ibẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á tu èpò. Ilé ìwé Tìmí, ọmọ mi àkọ́bí, ló fún un níwèé pé kí ó mú ẹbí rẹ̀ wá. Láti oṣù Kejìlá ni Màámi ti wá bá mi wẹ ọmọ tuntun, yìnyín ò sì jẹ́ kí wọ́n fojú kan erùpẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ, kí wọ́n lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"A fẹ́ lọ tu èpò ni, Màámi."

"Èló ni wọ́n máa san?"

"Ọ̀fẹ́ ni o."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọkọ mi. "Ṣé torí kí ẹ lè máa roko olóko lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ ṣe sanwó físà?"

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwa, ẹ̀kọ́ nípa àyíká kò ju pé kí o pẹ́ dé, kí Tíṣà sì fún ọ ní apá kan pápá bọ́ọ̀lù láti gé. Àdá rẹ ni ìwé rẹ, egbò ọwọ́ rẹ ni sátífíkéètì. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kó wa lọ wo ẹranko, Ìbàdàn ni wọ́n kó wa lọ, a lọ wo kìnnìún nínú àgò ní yunifásítì. Bẹ́ẹ̀, òkè wa níbẹ̀ yẹn ni ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé wà, tí ìjọba sọ di National Park ní 1991. Kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512 ni. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, àgbọ̀nrín wà níbẹ̀, àwókù ìlú tí àwọn baba ńlá Ọ̀yọ́ ti ṣí wá wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kó wa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí.

Ká padà sí Sátidé. Bàbá òyìnbó kan ló ń darí wa, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Ó ní nígbà kan, ọ̀dàn gba nǹkan bíi mílíọ̀nù éékà 22 ní ìpínlẹ̀ Illinois yìí. Èyí tó ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì bà jẹ́ kò tó éékà 3,000. Gbòǹgbò koríko ibẹ̀ ń wọlẹ̀ ju ìdúró ènìyàn lọ, ilẹ̀ náà le, ohun ìtúlẹ̀ àtijọ́ kò ràn án. Nígbà tó di 1837, alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ John Deere, ní Grand Detour nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ṣe ohun ìtúlẹ̀ onírin dídán tí erùpẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́. Ó parí. Àgbàdo àti sóyà gba gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún ọdún tú palẹ̀ ni wọ́n ń wá fi Sátidé tún ṣe.

Èpò tí wọ́n ní ká tu lọ́jọ́ náà ni garlic mustard. Ewé rẹ̀ ń rùn bíi aáyù. Àwọn ará Yúróòpù ló gbé e wá láti máa fi sebẹ̀. Ní 1868 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Long Island, ní New York. Báyìí ó ti wọ igbó lọ, kò sì jẹ́ kí ewéko ìbílẹ̀ rímú mí. Ẹ̀ ń tu ú tòun ti gbòǹgbò ni, torí irúgbìn rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó tó hù. Bàbá wá ń ṣàlàyé: àjèjì ni, ó ń bí púpọ̀, ó ń gba àyè mọ́ onílé lọ́wọ́, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Èmi, obìnrin ará Mẹ́síkò kan àti ọkùnrin ará Íńdíà kan wo ara wa. A bẹ̀rẹ̀, a ń tu èpò lọ.

A dé ibì kan tó dúdú, eérú ṣì wà lórí rẹ̀. Màámi dúró. "Ta ló sun igbó wọn?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Ó ní àwọn fúnra àwọn ni. Bí òtútù bá ti ń lọ, wọ́n á gba àṣẹ, wọ́n á wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, wọ́n á lànà yí ibẹ̀ ká kí iná má baà rékọjá, wọ́n á sì ti iná bọ̀ ọ́. Igi kéékèèké tó fẹ́ bo ọ̀dàn mọ́lẹ̀ á kú. Koríko á tún yọ, torí ìsàlẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Sọ fún un pé bàbá mi ò gba àṣẹ." Ọdẹ ni bàbá wọn, àgbẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń sun etí oko, nígbà tí koríko ò tíì gbẹ tán, tí iná ò lè lágbára jù. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kejì kí ó tó tiná bọgbó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dé ilé baálẹ̀, nítorí iná ìgbà yẹn ló ń jó òdòdó emi, igi òrí, àti igbá, igi irú, dànù, àwọn obìnrin á sì wá irú àti òrí tì lọ́dún náà. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà fún wọn. Ó ní kí n tún un sọ kí àwọn yòókù gbọ́, mo sì tún un sọ. Mo fẹ́ kí ẹ rí ojú Màámi nígbà yẹn.

Bàbá wá fi kún un pé àwọn Potawatomi, ìran tó ni ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ló máa ń sun ún nígbà tiwọn, kí àdéhùn tí ìjọba Amẹ́ríkà bá wọn ṣe ní Chicago ní 1833 tó lé wọn kọjá odò Mississippi. Lẹ́yìn wọn, iná kú, igi bo ọ̀dàn. Màámi ní kí n bi í: "Àwọn onílẹ̀ ọ̀hún dà báyìí? Ṣé wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn?"

Ìyẹn, mi ò túmọ̀ rẹ̀.

A ti ń padà síbi ọkọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ewé ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ni Màámi ti rí dandelion. Ẹni tó bá mọ yánrin á mọ ohun tí mò ń sọ: ewé gígùn tí etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, tí o bá já a, oje funfun á yọ. Gbogbo ìgbà òtútù, ẹ̀fọ́ tó dì gbagidi nínú ọ̀rá ni mo ń sè fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n já ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gúsí ńkọ́ nílé?"

Ọmọdébìnrin tó ń ran Bàbá lọ́wọ́ sáré dé. Ó ní wọn kì í mú ohunkóhun jáde níbí, kí wọ́n dá a padà sílẹ̀, ó sì nàka sí ibi tí wọ́n máa dá a sí. Nínú ọ̀rá tí èmi gbé dání, ewé tí wọ́n gbé wá láti Yúróòpù kún un dé ẹnu, a ń gbé e lọ dànù. Dandelion náà, Yúróòpù ló ti wá. Àwọn aládùúgbò wa ń ra oògùn olówó ńlá láti fi pa á níwájú ilé.

Mo mọ̀ pé òfin ni. Chicago àti agbègbè rẹ̀ ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 9. Bí kálukú bá já ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ló kù? Òfin kọ́ ló dùn mí. Màámi ò gbọ́ Òyìnbó ọ̀hún tán, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n tẹ orúnkún ba. "Sọ́rì ma, sọ́rì ma." Wọ́n ń to ewé náà padà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tìmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi Òyìnbó sọ fún wọn pé olè jíjà nìyẹn.

Màámi kọjú sí mi. "Kí lọkọ mi wí?"

Mo ní ó ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Ọmọ yẹn ti kọ Yorùbá sílẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé. Bí mo bá sọ ọ́ sí i, ó gbọ́, Òyìnbó ni yóò fi dáhùn. Nínú ọkọ̀, ó ń ka orúkọ gbogbo koríko tí Bàbá kọ́ wọn láìfi ọ̀kan sílẹ̀, màmá àgbà rẹ̀ sì jókòó tì í, wọ́n ń wo ojú fèrèsé.

Lálẹ́, nígbà tí ọmọ sùn, wọ́n sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi lórí WhatsApp. Oko bàbá wọn, lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di gbalasa. Nígbà ayé bàbá wọn, ẹni tó bá ń dáko níbẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan emi àti igbá. Ilẹ̀ ló yá, kò yá igi. Emi kì í ṣe ohun tí à ń gbìn. Fúnra rẹ̀ ló ń hù, á tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so, nítorí náà ẹni tó bá ṣán igbó á dá a sí. Oṣù Karùn-ún tí a wà yìí, ó ti yẹ kí àwọn obìnrin máa jí lọ ṣà á lábẹ́ ìrì. Wọ́n ti gé wọn. Emi, igbá, ayín, gbogbo igi tó le, èédú ni wọ́n ń sun ún. Ọkọ̀ ń kó o lọ sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi ń gbé òmíràn lọ sí Yúróòpù, àwọn èèyàn ibẹ̀ ń fi yan ẹran nígbà ooru.

Mo béèrè pé Bọ̀ọ̀dá mi ńkọ́, ṣé wọn ò rí i ni. Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá ò dé oko mọ́ nítorí ajínigbé. Wọ́n ní àwọn ò tíì mọ ìdí tí ajínigbé kì í fi í gbé elédùú.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò mú mi lọ ṣa emi nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n jókòó ti ìwé mi. Mo sì jókòó tì í títí ó fi gbé mi dé Chicago.

Igi emi mẹ́ta ló kù nínú oko náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní elédùú ti san àsansílẹ̀ lórí wọn, ẹnì kan nínú ẹbí ló gba owó náà, ó sì ti ná an. Bí mo bá fẹ́ kí igi dúró, kí n san owó elédùú fún un, kí n fi èrè díẹ̀ lé e. Mo ní èló? Wọ́n ní kí n má dúnàádúrà, ṣebí dọ́là ni mò ń gbà. A dúnàádúrà. Mo fi owó ránṣẹ́.

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ọkọ mi rí i lórí fóònù wọn.

"Kí lo rà?"

"Igi emi mẹ́ta."

"Ṣé wọ́n máa gbé e wá ni?"

"Rárá o. Ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n máa dúró sí."

Ìjẹ̀bú ni ọkọ mi. Wọ́n ronú sí i díẹ̀, wọ́n ní ṣé a ti gba rìsíìtì.