Àyẹ̀wò ọdún mi: BCD kan fún omi ilé àti omi àjò

Ọdún ń parí lọ, ọyẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ní Ìlọrin. Àsìkò yìí ni mo máa ń kó gbogbo irinṣẹ́ òmùwẹ̀ mi síta láti nù wọ́n, kí n sì ṣírò ohun tí wọ́n ṣe fún mi àti ohun tí wọ́n ná mi. Lọ́dún yìí, ohun kan ṣoṣo ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìrònú mi: ẹ̀wù tí à ń so sílíńdà mọ́ lẹ́yìn, tí à ń gba afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí omi má baà gbé wa rì ju bí a ti fẹ́ lọ, tí a sì ń tú afẹ́fẹ́ náà jáde nígbà tí a bá fẹ́ wọlẹ̀. BCD ni àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi ń pè é, orúkọ yẹn náà ni n ó sì máa lò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú omi tí mò ń wọ̀. Iṣẹ́ mi ni yíyẹ ẹnu páìpù tí ń fa omi wò nínú àwọn ìsédò kéékèèké ní agbègbè Ìgbómìnà, àti yíyọ àwọ̀n tàbí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ó bá rì sínú odò Ọya ní apá Jẹ́bà. Àwọn omi wọ̀nyí kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà òjò, bí mo bá na ọwọ́ síwájú, n kì í rí ìka mi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá tòrò díẹ̀, ìsàlẹ̀ wọn dà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ògì: ẹsẹ̀ kan péré ni yóò kàn án tí gbogbo rẹ̀ yóò fi dàrú, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì di àfọwọ́wá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, èmi àti ọ̀rẹ́ méjì a máa lọ sí Òkun Pupa ní Íjíbítì láti wo ẹja nínú omi tí ó mọ́ gaara. BCD kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ó sìn mí ní ibi méjèèjì, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọdún, irú èyí tí àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ yí ará ká láti ẹ̀yìn dé ìhà méjèèjì. Kò burú fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́, nítorí ó máa ń gbé orí ẹni sókè dáadáa lójú omi. Tèmi wọn ju kílò 4 lọ ní gbígbẹ. Bí omi bá sì ti mu ún, kò yàtọ̀ sí agbádá aṣọ òkè tí a rẹ sínú agbada. Ní oṣù kẹta, mo wà ní nǹkan bíi mítà 6 nínú ìsédò kan, mo tẹ bọ́tìnì tí ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, mo yọ ọwọ́, bọ́tìnì kò padà. Ẹrẹ̀ ti gbẹ sínú rẹ̀ láti ìgbà tí mo lò ó kẹ́yìn, nítorí pé ara ẹ̀wù náà lóde nìkan ni mo da omi sí. Ẹ̀wù ń wú, mo sì ń gòkè. Afẹ́fẹ́ inú àpò kì í dúró sí ìwọ̀n kan bí a ti ń gòkè, nítorí omi tí ó ń tẹ̀ ẹ́ ń dínkù. Èyí tí ó jẹ́ lítà 1 ní mítà 10 yóò ti di lítà 2 nígbà tí ó bá dé òkè, bẹ́ẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó bá di èémí rẹ̀ mú. Mo yọ rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ wá kúrò lẹ́nu bọ́tìnì, mo fa okùn tí ń tú afẹ́fẹ́, mo sì ń mí jáde títí orí mi fi yọ. Nǹkan kan kò ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tí ó ń di okùn mi mú létí omi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi wọ Ìlọrin, ohun tí ó sì sọ nígbà tí ó yanu ni pé, “Àbúrò, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.” N kò bá a jiyàn.

Ní oṣù kẹfà, mo yá BCD ìrìnàjò tí ó wọn kílò 2 ó lé díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Mo kọ́kọ́ dán an wò nínú adágún ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kan, ó sì wù mí gan-an: ó ṣe é ká bí aṣọ, kò gba àyè nínú àpótí. Nígbà tí mo gbé e dé ìsédò ni mo rí i pé kò sí òrùka tí mo lè fi òòlù àti iná so mọ́, pé sílíńdà ń mì lẹ́yìn mi nítorí kò sí ohun líle tí ó dì í mú, àti pé ara kọnkéré ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ aṣọ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Mo san owó rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, a kò sì jà.

Lẹ́yìn èyí ni mo jókòó ti ìwé tí mo máa ń kọ iye òjé tí mo bá so mọ́ ìbàdí kí n lè rì sí. Ó yẹ kí n ti ṣe èyí kí n tó yá ohunkóhun. Nílé, kílò 3 tó mi. Ní Íjíbítì, kílò 8. Ohun méjì ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Omi òkun wúwo ju omi odò lọ ní nǹkan bíi kílò 2 àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, Òkun Pupa sì tún níyọ̀ ju ọ̀pọ̀ òkun lọ. Èmi àti gbogbo ẹrù mi jẹ́ kílò 95, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 3 tí omi yẹn fi ń gbé mi sókè ju ti ilé lọ. Ìkejì ni sílíńdà. Ti irin ni à ń lò nílé, kì í sì í léfòó bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń tán lọ. Alumínímù onílítà 11 ni wọ́n yá wa lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ nìkan wọn ju kílò 2 àbọ̀ lọ nígbà tí ó bá kún, nítorí náà ohun tí ó rì ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò fẹ́ gbé ẹni sókè ní ìparí, gan-an nígbà tí ó yẹ kí a dúró jẹ́ẹ́ ní mítà 5 kí a tó yọrí jáde.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìṣirò náà ni pé ibi tí mo ti nílò ìwúwo jù ni n kò ti lè gbé e dé, nítorí kílò 23 ni ọkọ̀ òfurufú fún mi, nígbà tí ilé, tí mo ti lè kó irin sẹ́yìn ọkọ̀ bó bá ti wù mí, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye òjé nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ibi tí ìwúwo náà wà lára ẹni ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Òjé ìbàdí máa ń fa ìdí àti ẹsẹ̀ mi wálẹ̀ sínú ògì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìwúwo kan náà bá wà láàárín ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, n ó na gbalaja bí ẹja, ẹsẹ̀ mi yóò sì jìnnà sí ẹrẹ̀.

Nítorí èyí ni mo fi yan irú BCD tí ó pín sí mẹ́ta: àwo pẹlẹbẹ kan tí ó wà lẹ́yìn ẹni, bẹ́líìtì kan ṣoṣo tí a fà gba inú ihò rẹ̀ yí èjìká àti ìbàdí ká, àti àpò afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní ìyẹ́, tí ó wà láàárín àwo àti sílíńdà. Ìyẹ́ náà lè gbé kílò 13, ó sì tó ẹni tí ó ń lo sílíńdà kan pẹ̀lú aṣọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ kàn ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni lásán. Àwo alumínímù tí mo rà pẹ̀lú rẹ̀ kò tó kílò 1, òun ni ti àjò. Ti ilé, wẹ́dà kan ní Ìlọrin ni ó gé e fún mi láti ara irin tí kì í dípẹtà, mìlímítà 3 ní nínípọn. Mo kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé ihò méjì ti àárín gbọ́dọ̀ jìnnà síra ní íǹṣì 11 gééré, nítorí ìwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyẹ́ ń tẹ̀lé, àti pé kí ó fi fáìlì pa ẹnu gbogbo ihò kí ó má baà gé bẹ́líìtì. Ó wọn kílò 2 ó lé díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ṣé ìfẹ̀yìntì ọ̀kadà ni ẹ fẹ́ fi ṣe ni?” Òjé ìbàdí mi nílé ti wá di kílò 1 péré.

N kò ní parọ́ pé kò ní àbùkù. Bí mo bá fẹ́ ìyẹ́ kún jù lójú omi, ó máa ń tì mí dojú bolẹ̀, nítorí náà mo ti kọ́ láti gba ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ kí n sì fẹ̀yìn sínú omi. Pẹ̀lú àwo alumínímù, gbogbo rẹ̀ sì tún wúwo ju BCD ìrìnàjò yẹn lọ ní nǹkan bíi kílò kan. Ní oṣù kẹwàá tí a lọ sí Íjíbítì, régúlétọ̀ tí à ń fi mí lábẹ́ omi àti ìbojú ni mo gbé lọ́wọ́, àwo ni mo sì fi ṣe ìsàlẹ̀ àpótí tí mo to aṣọ lé lórí. Ó wọlé, àyè sì kù fún ìwọ̀nba dàbínù fún Ìyá Àwáwù.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ ni mo wá mú le jù. Lẹ́yìn ìgbà gbogbo tí mo bá lò ó, mo máa ń rọ omi tútù gba ẹnu rẹ̀ wọ inú ìyẹ́, n ó mì í, n ó da omi náà nù, n ó sì gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀ kí n tó gbé e kọ́ síbi tí oòrùn kò dé. Nígbà òjò ó lè gba ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó gbẹ, ẹ̀bu sì fẹ́ràn inú rẹ̀. Nínú ọyẹ́ yìí, ọjọ́ kan ti tó.

Jákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo ti pààrọ̀ bọ́tìnì rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni yóò sì máa lò ó nínú adágún ìwẹ̀. Ohun tí ó kù tí n ó rà lọ́dún tuntun ni bẹ́líìtì kejì, nǹkan bíi mítà 3 àbọ̀, nítorí fífa bẹ́líìtì kan náà kúrò nínú àwo kan sí òmíràn ń gbà mí ní wákàtí kan gbáko, ó sì ti ṣẹ́ mi ní èékánná lẹ́ẹ̀mejì.