Wàá Lò Ó Gbó

Àbúrò mi pè mí láti Adátán, ní Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ Sátidé. Bàtà ló fẹ́. "Bọ̀dá mi, èyí tó bá ti gbó lọ́wọ́ yín náà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Nǹkan ẹ̀yin ará òkè òkun kì í kúkú gbó." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú. Kò mọ̀ pé ojú egbò ló fọwọ́ kàn. Lóṣù Kejìlá tí mo wálé, kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀ ní Ìtòkú ni ìyá mi ti pariwo níwájú gbogbo àwọn aláṣọ: "Yéè! Ọmọ mi, o mà ti gbó o!"

Mo gbó lóòótọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tọ́jú arúgbó ní Manchester, títí ọwọ́ mi fi sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

Ní ti iná tí kò sí, ọ̀nà tó bàjẹ́ àti owó ọkọ̀ nílé, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n gbígbó ò burú lẹ́nu wa. Ẹni tó ra aṣọ tuntun, "wàá lò ó gbó" la ó kí i. Ọmọ tuntun, a ó ní kó gbó, kó tọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan wà tí ìyá mi fi láfún àti ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sí, tó rẹ sínú aró ẹ̀lú. Bó ṣe ń ṣá ló ń rọ̀. Nígbà tó gbó, ó gé e ṣe ọ̀já tó fi pọ̀n mí. Nígbà tí ọ̀já gbó, òun ló fi ń gbé ìkòkò gbígbóná kalẹ̀. Ẹ gorí Olúmọ kẹ́ ẹ wo páànù wa: ó ti dípẹtà láti Ìtòkú dé Aké, ojú ò sì ti ẹnikẹ́ni.

Níbí, wọn kì í jẹ́ kí nǹkan gbó. Èèyàn nìkan ló ń gbó, inú yàrá ló sì ti ń gbó.

Bàbá kan wà tí mo máa ń wẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀wù òtútù kan ló fẹ́ràn, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló hun ún, ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì ti já. Nígbà tí bàbá wà ní ọsibítù, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá palẹ̀ yàrá mọ́. Ó di ẹ̀wù náà sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ táwọn èèyàn fi tọrẹ. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. "Ó ti gbó jù," kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni bàbá fi ń bi mí. Mo ní wọ́n ń fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo wá a dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Wọ́n ní èyí tí kò bá tà, àwọn kan ń rà á ní kílò, wọ́n ń dì í ránṣẹ́ sókè òkun. Òkìríkà nìyẹn! Ìjọba wa fòfin de kíkó o wọlé, síbẹ̀ ọjà wo ni kò sí? Bóyá ẹ̀wù bàbá ti dé Lafẹ́ńwá, bóyá àbúrò mi gan-an ló ń ná an nítorí ọyẹ́.

Láàárín 1850 sí 1860, òwú Abẹ́òkúta ni Thomas Clegg, oníṣòwò òwú kan, ń rà wá sí Manchester yìí. Nígbà tó yá, aṣọ funfun Manchester làwọn ìyá wa ń rẹ láró. Ilé iṣẹ́ òwú tó wà ní Ancoats, àdúgbò kan níbí, ti di ilé gbígbé olówó ńlá, wọ́n ti fọ bíríkì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Òun náà ò ráyè gbó.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò padà. Ta ni yóò san owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi? Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àbúrò mi ńkọ́? Kí n sòótọ́, owó oṣù ibí kì í pẹ́ẹ́ dé, ariwo ará ilé kì í sì í jẹ́ kéèyàn sinmi. Àmọ́ ìyá mi wò mí dáadáa kó tó pariwo. Ní gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi níbí pé mo ti gbó.

Bàtà tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lu. Mi ò lè fi ìyẹn ránṣẹ́ sílé. Mo ra tuntun fún àbúrò mi, mo wá ń wọ̀ ọ́ rìn káàkiri yàrá lálaalẹ́, kó lè jọ èyí tó ti gbó díẹ̀ lọ́wọ́ mi.