Ohun tí nótárì bi mí kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ síwèé

Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Ìbàdàn ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ nótárì, òṣìṣẹ́ òfin tí ó ń jẹ́rìí sí ìwé tí ènìyàn bá fọwọ́ sí, ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ mi ni bàbá fi sí orí ìwé ilé náà, ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin ni ó wà nílé. Òun ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, òun náà ni ó sì ń wá kápẹ́ńtà nígbà tí òrùlé bá ń jò. A fẹnu kò pé kí n fún un ní ìwé agbára, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní páwà ọ́f àtọ́nì, kí ẹnikẹ́ni má baà máa bi í pé ta ni ó rán an níṣẹ́.

Mo ti rò pé iṣẹ́ nótárì kò ju kí ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ́fíìsì kan lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, láti ìgbà tí òfin ọdún 1533 ti gba agbára náà kúrò lọ́wọ́ Póòpù. Ní Nàìjíríà, Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa ni ó ń yàn wọ́n láàárín àwọn lọ́yà. Ohun tí wọ́n ń jẹ́rìí sí ni pé ẹni tí ó fọwọ́ síwèé ni ẹni tí ó pe ara rẹ̀, pé ohun tí ó wà nínú ìwé náà yé e, àti pé wọn kò fi ipá mú un. Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011, ní abala 150, sì ní kí ilé ẹjọ́ gbà pé irú ìwé agbára bẹ́ẹ̀ ni a fọwọ́ sí níwájú nótárì lóòótọ́.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ dá wa dúró. Orúkọ ìsàmì mi àti orúkọ ọkọ mi ni ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù, nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ àbísọ mi àti ti bàbá mi ni ó wà lórí ìwé ilé. Àwa tí a ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta mẹ́rin gbọ́dọ̀ tètè wo èyí, nítorí pé nótárì kò lè fi ojú lásán mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Mo wá ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó mi jáde, ojúlówó rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dà, lọ́yà ní Ìbàdàn sì kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé agbára náà. Ìwé báǹkì tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, tí àdírẹ́sì mi wà lórí rẹ̀, kò nira láti rí.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo fọwọ́ síwèé náà nílé lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo rò pé mo ń dín iṣẹ́ kù. Nótárì náà rí i, ó sì rọra yí ìwé náà dé. Ó ní níwájú òun ni ó yẹ kí n ti fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ń fún àbúrò mi láṣẹ láti ṣe. Mo ní kí ó máa gba owó ilé, kí ó sì máa tún ilé ṣe. Ó fi orí bírò tọ́ka sí ìlà kan ní ojú ewé kejì: láti tà á, àti láti fi í dúró fún ẹ̀yáwó. Ara mi tutù. Ọwọ́ mi ti wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti alẹ́ àná.

Mo pe àbúrò mi láti ojú ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí pé yóò rò pé mo ń fura sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé bàbá kì í pẹ́ di ìjà láàárín ọmọ ìyá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yọ ọ́. Èmi gan-an ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.” Lọ́yà ṣàlàyé pé ìwé kan náà ni òun máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, ó sì tún un kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo ka gbogbo ojú ewé náà sókè nílé, mo sì mú un lọ láìfọwọ́ sí i. Nótárì wo pásípọ́ọ̀tù, ó wo ojú mi, ó tún béèrè ìbéèrè kan náà. Nígbà tí mo fọwọ́ sí i tán, ó ki etí ìwé náà bọ ẹnu irin kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe fi ìka wọ́ ọ, èdìdì náà ga díẹ̀ lára ìwé.

Ó ku ọ́fíìsì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Milton Keynes, tí ó ń jẹ́rìí pé ojúlówó ni ìbuwọ́lù nótárì, àti ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue. Bi lọ́yà rẹ nílé bóyá yóò béèrè fún méjèèjì, kí o tó san owó kankan.

Nígbà tí ìwé náà dé Ìbàdàn, àbúrò mi pè mí, ó sì ka ojú ewé kejì sí mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbígba owó ilé wà níbẹ̀, àtúnṣe wà níbẹ̀. Ó ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tún un kà.