Páálí Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ìkòròdú, Sátidé, aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ikán ti wọ inú páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àárọ̀ yìí ni mo rí i nígbà tí mò ń gbálẹ̀. Ilẹ̀ pupa kan gùn bí okùn lára ògiri, mo tẹ̀ lé e títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àyà mi já. Ìwé bàbá mi ló wà nínú páálí yẹn. Ó di ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti lọ, ó sì di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sọ pé bí mo bá ti ráyè, n ó jókòó kà wọ́n.

Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ́ wọn sórí ẹní nínú oòrùn. Ẹ̀rù bà mí, mo kó tèmi náà jáde: èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí ọ̀rẹ́ fún mi, èyí tí mo yá tí n kò tíì dá padà. Ọmọ mi wá dúró tì mí, ó ń wò wọ́n.

"Màámi, ṣé ẹ ti ka gbogbo eléyìí tán?"

"Rárá o."

"Ìgbà wo lẹ máa wá kà wọ́n?"

N kò rí èsì fún un. Mo ní kó lọ bá mi gbé ìgbálẹ̀ wá.

Nígbà tó lọ tán ni mo jókòó sórí àpótí, mo ka iye wọn. Ti èmi nìkan tí n kò tíì ṣí rárá jẹ́ 46. Bí mo bá ń ka ojú ìwé 10 lójúmọ́, tí ìwé kọ̀ọ̀kan sì tó ojú ìwé 250, ọjọ́ 25 ni ìwé kan máa gbà. Kí n tó ka 46 tán, á lé ní ọdún mẹ́ta, n kò sì gbọdọ̀ ra òmíràn. Níbo ni n ó ti rí ojú ìwé 10 ọ̀hún gan-an? Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń tò sórí ìlà bọ́ọ̀sì BRT ní gárééjì. Bí mo bá ríbi jókòó, mo máa ń ṣí ìwé. Kí a tó dé Kétu, oorun ti gbé mi lọ. Bí mo bá padà délé lálẹ́, ọbẹ̀ ń dúró dè mí, iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ń dúró dè mí.

Àìráyè ni mo máa ń dá lẹ́bi. Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìwé bàbá mi lónìí ló yí mi lọ́kàn padà. Tíṣà ni wọ́n. Ìwé wọn kò ju 31 lọ. Mo ṣí ewé tó kẹ́yìn nínú ọ̀kan, mo rí i tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo kà á tán, 14/8/1979." Mo ṣí òmíràn, déètì wà níbẹ̀. Mo ṣí gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí kò ní déètì, ọ̀kan tilẹ̀ ní mẹ́ta, ọdún mọ́kànlá ló sì wà láàárín èkíní àti ẹ̀kẹta. Ọmọ mẹ́fà ni bàbá mi bí, wọ́n ń kọ́ni, wọ́n tún ń roko lẹ́yìn ilé. Wọn kò ráyè jù mí lọ. Èmi ń kó ìwé jọ bí ẹni tó ń kó oúnjẹ pamọ́ de ìyàn, àwọn ń jẹ tiwọn. Bí mo bá ti ra ìwé kan délé, ọkàn mi a balẹ̀ bí ẹni pé mo ti kà á.

Ìwé tí ikán jẹ jù ni ìtàn àwọn Yorùbá tí àlùfáà Samuel Johnson kọ. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo gbé e, torí mo mọ ohun tí ìwé náà rí kó tó dé ọwọ́ wa. Ọdún 1897 ni Johnson kọ ọ́ tán ní Ọ̀yọ́. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, ó sọ nù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901, kò fojú rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, tó tún un kọ. Nígbà tí èyí náà ń lọ sókè òkun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Dókítà náà kú ní 1920. Ọdún 1921 ni ìwé jáde. Ọdún 24, àti ẹ̀mí ènìyàn méjì, kí n tó wá gbé e sínú páálí fún ikán.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣa 20 nínú tèmi, mo kó o fún tíṣà tó ń gbé iwájú ilé wa; ó ní pẹpẹ ìwé kíláàsì òun ṣófo. Ó dùn mí. Mo ra àwọn kan nígbà tí mo fẹ́ kọ́ èdè Faransé, àwọn kan nígbà tó ń wù mí láti máa sin ẹja. Ìfẹ́ yẹn ti kúrò lára mi, ìwé náà ló ṣì ń jókòó tì mí. Èyí tí mo yá, mo ti dì í sínú báàgì mi fún ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ní báyìí, ọmọ ti sùn. Ìwé Johnson nìkan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ mi. Mo ti gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ dànù, mo sì ṣí i sí ibi tó ti ń ṣàlàyé orúkọ: àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kà, mo rọra kà á. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti dé ọ̀rọ̀ oríkì, bàbá mi fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí i, ikán sì ti jẹ etí ewé náà wọlé. Ohun tó kù ni: "Ìyá mi a máa pè mí ní Àjà".

Mo lẹ ègé pépà funfun mọ́ etí ewé náà, mo mú pẹ́ńsùlù ọmọ mi, mo kọ "ní" sí i.