Kí Ẹ Tó Kó Tablet Wọ Ilé-Ìwé Abúlé

Láyé pátákó àti síléètì, ohun tó bá bàjẹ́ ní kíláàsì, inú abúlé náà la ti ń tún un ṣe. Pátákó tó bá ti ṣá, èédú la ó gún kúnná, a ó jọ̀ ọ́, a ó gún ewé ọ̀dùnkún mọ́ ọn títí yóò fi máa lẹ̀, a ó wá fi àkísà kùn ún. Bí èédú bá pọ̀ jù, yóò máa kun ọwọ́. Bí ewé bá pọ̀ jù, pátákó á máa dán, àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ò ní rí nǹkan kan kà. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló dáa jù, kó lè gbẹ di ọjọ́ Ajé. (Àwọn kan máa ń fọ́ bátìrì rédíò tó ti kú láti fi dúdú inú rẹ̀ kùn ún. Ẹ má dán an wò, eruku rẹ̀ léwu fún ọmọdé.)

Tablet ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kọ́ ni wàhálà: nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀, tablet fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, jáde ní 2013, ìwé àti ìbéèrè ìdánwò ti wà nínú rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tablet tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh ń gba nǹkan bíi 18.5 Wh (Wh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà) kó tó kún. Bí ẹ bá ní ogún tablet, ó di 370 Wh. Ẹ fi èyí tó ń ṣòfò kún un, ẹ pè é ní 450. Bátìrì olómi 12V, 100Ah ní 1,200 Wh nínú, ṣùgbọ́n ìdajì ni kí ẹ máa lò, torí bí ẹ bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Sólà 200W á gbé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù Keje tí ojú ọ̀run ń ṣú, ẹ fi mẹ́wàá síná lónìí, mẹ́wàá lọ́la.

Ibi tó máa ń tètè bàjẹ́ ni ihò tí à ń ki ẹnu wáyà bọ̀. Àwọn ọmọ á kì í lódìlódì, wọ́n á tún fi agbára fà á yọ. Ẹ yan àgbà ọmọ méjì fún iṣẹ́ yẹn, kí ẹlòmíì má fọwọ́ kàn án. Ẹ má tò wọ́n lé ara wọn tí wọ́n bá wà níná, ẹ má sì tọ́jú wọn sábẹ́ páànù tó ń gbóná bí àdògán. Ooru ló ń pa bátìrì wọn. Bí ọlidé bá dé, ẹ jẹ́ kí iná wọn wà ní ìdajì, kí ẹ tó pa wọ́n.

Síléètì ńkọ́? Ẹ má jù ú nù. Bi kíláàsì ní ìbéèrè kan, kí wọ́n kọ ìdáhùn, kí wọ́n gbé e sókè: kíá lo ti mọ ọmọ tí kò yé. Tablet 20 láàárín ọmọ 45 ò lè ṣe ìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà tó sún mọ́ yín, ẹ bi í bóyá ó ní ihò ìgbaná irú tablet tí ẹ fẹ́ rà. Bí kò bá ní, irú èyí tó ní ni kí ẹ rà.